Àáké Olówó Pọ́ọ́kú fún Inú Igbó: Kí Lówó Ń Rà, Kí Lọwọ́ Lè Ṣe?

Àáké tí wọ́n rọ ní Gränsfors, ní ilẹ̀ Sweden, máa ń ní àmì orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ lára irin rẹ̀. Láti ọdún 1902 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n pè ní Small Forest Axe lọ́dọ̀ wọn ní Ìlú Ọba lónìí, owó tó máa kà sílẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ dáadáa. Ní ilé ìtajà ohun èlò tó wà ní ìkóríta àdúgbò rẹ̀, àáké mìíràn ń bẹ tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Irin ni méjèèjì, onígi ni èèkù méjèèjì, méjèèjì á sì la igi. Kí ló wá wà láàárín owó méjèèjì?

Èmi tí mo ti fọwọ́ kan púpọ̀ nínú wọn, ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ àṣeparí ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà: ojú tí wọ́n ti pọ́n débi pé ó lè fá irun apá, ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n ti mú fẹ́lẹ́, igi èèkù tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà, àkọ̀ awọ tó bá a mu wẹ́kú. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni ẹni tó ní fáìlì àti sùúrù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé. Àwọn àbùkù mìíràn sì wà tí fáìlì kankan ò lè tún ṣe láéláé. Ẹni tó bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ó tó sanwó, òun ni àáké olówó pọ́ọ́kú tọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kó kúkú tọ́jú owó kó ra ti Gränsfors.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àdá kúrò lọ́nà, torí òun ló máa ń sọ sí ọmọ Yorùbá lọ́kàn bí wọ́n bá ti dárúkọ igbó. Àgbẹ̀ wa tó ń roko kì í gbé àáké kọ́ èjìká lójoojúmọ́, àdá ló ń mú lọ. Itàkùn, koríko àti igi wẹ́wẹ́ tí omi kún inú wọn ló pọ̀ nínú igbó wa, ojú irin tó gùn tó sì fẹ́lẹ́ ló ń ràn wọ́n. Àáké wà fún agẹdú àti fún ẹni tó ń la igi ìdáná tà. Igbó Sweden, Finland àti Canada kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ lè pààyàn. Igi tó ti gbẹ lórí ìdúró ni èèyàn ń wá láti fi dáná, bí òjò tàbí yìnyín bá sì ti rin ín lẹ́yìn, àfi kí wọ́n là á kí wọ́n tó débi tó gbẹ nínú rẹ̀. Mors Kochanski, ará Canada tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní ìmọ̀ igbó ní Alberta, kò fi ohun púpọ̀ ṣáájú àáké yàtọ̀ sí iná. Igbó Ìlú Ọba wà láàárín tiwa àti tiwọn: òtútù rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Gígùn àti ìwúwo ló kàn, mo sì fi wọ́n ṣáájú orúkọ ilé iṣẹ́ èyíkéyìí. Àáké ọwọ́, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35, tí gbogbo ara rẹ̀ sì wúwo tó gíráàmù 600 sí 800, ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ló sì rọjú jù. Ó wọ àpò ẹ̀yìn, ọwọ́ kan tó o, kò sì dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà kì í sọ fúnni ni pé àáké kúkúrú léwu ju àáké gígùn lọ. Bí àáké gígùn bá tàsé, ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Bí èyí tó kúrú bá tàsé, orókùn tàbí ojúgun ẹni tó mú un ló ń bọ̀ wá bá. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń kúnlẹ̀ bó bá fẹ́ fi la igi, tí á gbé ìtì igi ńlá kan síwájú, tí á sì fi igi tó fẹ́ là sí etí rẹ̀ tó jìnnà sí i, kí àáké tó bá ṣìnà lè rí nǹkan kàn kó tó kan ẹran ara. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó dẹrùn jùyẹn lọ: ẹ gbé ojú àáké lé igi náà, ẹ di igi àti àáké mú pọ̀, ẹ gbé méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi wọ́n lu ìtì igi náà. Kò sí jíjù, kò sí àtàsé. Ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ lè kọ́ ọ lójú àgbà.

Èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 48 sí 50, tí irin rẹ̀ nìkan tó gíráàmù 700, ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní ẹyọ kan péré lòun fẹ́. Ọwọ́ kan lè lò ó fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́, ọwọ́ méjì sì ráyè lórí èèkù rẹ̀ bí igi bá le. Ó dùn mí pé ìwọ̀n yìí gan-an ló ṣọ̀wọ́n lára àwọn olówó pọ́ọ́kú. Kí ọwọ́ mi má bàa ṣófo, mo máa ń wá a lọ́nà ẹ̀bùrú, ẹ ó sì rí i níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní boy's axe, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, tí irin rẹ̀ sì tó kílógíráàmù kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, àgbàlagbà ló ń lò ó. Bó bá jẹ́ pé inú àgọ́ lẹ ó ti lo ìgbà òtútù, tí ẹ ó sì máa dáná mọ́jú, òun ni kí ẹ rà. Èyí tó bá gùn jùyẹn lọ, iṣẹ́ agẹdú ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe ti ẹni tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn.

George Washington Sears, ará Amẹ́ríkà tó ń fi Nessmuk kọ̀wé, tó sì gbé ìwé Woodcraft jáde ní ọdún 1884, gbajúmọ̀ fún àáké kékeré olójú méjì tó ń mú rìn. Ojú kan fẹ́lẹ́, ó wà fún igi tó mọ́. Ojú kejì nípọn, ó wà fún kókó igi àti egungun ẹran. Ẹni tó bá mọ oṣé Ṣàngó ti mọ bó ṣe rí. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tà ní owó tí kò pọ̀, ó sì wuyì lójú, àmọ́ mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó rà á. Ojú kan ń wo igi, ojú kejì ń wo ẹni tó mú un. Kò sì ní ẹ̀yìn téèyàn lè fi gbá èèkàn àgọ́ wọlẹ̀.

Ohun kan tó ń dín ẹrù àáké kù ni ayùn tó ṣeé ká. Èyí tí Bahco ń ṣe tí wọ́n pè ní Laplander kò gùn ju kí ó wọ àpò ṣòkòtò lọ, kò sì wọ́n. Kí ayùn máa gé, kí àáké máa là. Ẹni tó bá ní ayùn yìí lè fi àáké kékeré ṣe iṣẹ́ tí ẹni tí kò ní in máa fi àáké ńlá ṣe, ìwọ̀nba agbára ló sì máa lò.

Ó wá kan ohun tí fáìlì ò lè tún ṣe. Àáké tí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ń rọ láyé ijọ́un ní ìrù tó ṣóńṣó. Wọ́n á dáhò sí orí kóńdó igi, wọ́n á ti ìrù irin náà bọ inú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe ń fi gé igi tó ni irin á máa wọnú igi sí i. Tàwọn òyìnbó yí i padà: irin ló ní ihò, igi ló ń wọ inú irin, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbá sí àárín ló sì ń há a mọ́bẹ̀. Ibẹ̀ ni àáké wọn ti ń dá wàhálà sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yí i kí ẹ wo òkè ihò náà. Ṣé igi èèkù kún ihò náà délẹ̀délẹ̀, àbí àyè ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé wọ́n gbá igi ìhá náà wọlé dáadáa, àbí ó kàn jókòó sórí?

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí èèkù, níbi tí wọ́n gé e dé. Ilà inú igi á hàn níbẹ̀. Kí ilà wọ̀nyẹn dojú kọ ibi tí ojú àáké dojú kọ ló dára. Bí wọ́n bá dábùú rẹ̀, ẹ gbé e padà sórí igbá. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ èèkù láti òkè dé ìsàlẹ̀: ilà igi tó bá ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó dé ìdí, ibi tó ti jáde ni èèkù náà máa ti dá, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ẹ bá gbé e sókè tagbáratagbára. Hickory ni igi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù fún èèkù, àwọn ará Ìlú Ọba a sì máa lo ash. Méjèèjì dára. Èèkù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn tí kò jẹ́ kí ilà igi rẹ̀ hàn rárá ni mo máa ń fura sí.

Ẹ wá gbé àáké náà sókè, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ wo láti ojú irin lọ sí ìdí èèkù. Kí méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Bí irin bá wọ́ sápá ọ̀tún tàbí òsì, gbogbo bí ẹ bá ṣe ń jù ú ló máa máa yà lọ síbi tí ẹ ò rán an. Ní ilé ìtajà tí wọ́n bá kó mẹ́wàá jọ, ẹ wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ má tijú. Àáké olówó pọ́ọ́kú kì í dọ́gba: méjì tí wọ́n jọ jáde nínú àpótí kan lè yàtọ̀ síra pátápátá. Nítorí ìdí yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí wọ́n bá gbà kí ẹ dá a padà.

Ti líle irin ló ṣòro jù láti rí lójú. Nílé, ẹ fi fáìlì tó mú kan igun ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí fáìlì bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò mú nǹkan kan, irin náà le jù, ó lè ṣẹ́. Bó bá ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ha ìṣó, ó rọ̀ jù, ojú rẹ̀ á máa ká bó bá pàdé kókó igi. Kó mú díẹ̀, kó sì fi hàn pé òun ò fẹ́, ìyẹn ló dára. Irin tó rọ̀ díẹ̀ kò burú tó èyí tó le jù. Pípọ́n ni ẹ ó kàn máa pọ́n ọn léraléra.

Ní ti orúkọ, ilé iṣẹ́ Fiskars ti Finland, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1649, ń ṣe àáké kékeré kan tí wọ́n pè ní X7. Kò tó gíráàmù 700. Oníke ni èèkù rẹ̀, wọ́n sì da ike náà yí irin ká débi pé irin kò lè yọ. Ilà igi kò kàn yín níbẹ̀, igi ìhá kò kàn yín, ojú rẹ̀ sì máa ń mú láti inú páálí. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì àti òróró, òun ni kó rà, kó sì máa lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí èèkù náà bá bàjẹ́ nínú igbó, kò sí igi téèyàn lè gbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àbùkù kejì kò ju tèmi lọ: kò wù mí lójú. Estwing ti Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923, gba ọ̀nà mìíràn. Irin kan náà ló lọ láti ojú dé ìdí èèkù, wọ́n wá fi awọ wé ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Kò sí bí orí rẹ̀ ṣe lè fò jáde láéláé, ṣùgbọ́n gbogbo bó ṣe ń lu igi ni ọwọ́ ń gbọ́, bó bá sì di òtútù líle, irin inú èèkù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Àárín ọjà ni Husqvarna wà. Àáké oníhickory tí wọ́n rọ ní Sweden ni wọ́n ń tà ní owó tó kéré gan-an sí ti Gränsfors. Iṣẹ́ àṣeparí rẹ̀ kò rí bákan náà, ibẹ̀ ni owó ti dínkù, ẹ ó sì ní láti fi fáìlì kí ojú rẹ̀ káàbọ̀. Bí mo bá ní kí n na owó díẹ̀ ju èyí tó kéré jù lọ, ibẹ̀ ni mo máa ná an sí. Ní Amẹ́ríkà, Council Tool ti North Carolina, tó ti wà láti 1886, ló di irú ipò yẹn mú. Boy's axe wọn kò wọ́n, irin rẹ̀ dára, àmọ́ bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ kọ́ ni kí ẹ ṣe máa lò ó.

Àwọn dúdú tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n fi okùn wé lọ́rùn, tí wọ́n fi eyín ayùn sí lẹ́yìn, tí ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò bíà tún wà ní ìdí wọn: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ọjà àlòkù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣí bùútù ọkọ̀ tà lórí pápá, irin àáké àtijọ́ kì í wọ́n níbẹ̀, ìpẹtà á ti bò ó, èèkù rẹ̀ á ti jẹrà. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ Elwell, Wednesbury ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá rí Brades, Oldbury ni. Agbègbè Birmingham ni méjèèjì, nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń kó irin iṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ Collins lẹ ó máa wá. Connecticut ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1826, àáké àti àdá wọn sì tàn dé oko ìrèké Látìn Amẹ́ríkà kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé ní 1966. Ìpẹtà òkè kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí kò dára ni kí irin ti sán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ̀ yí padà torí pé wọ́n fi gbá irin mìíràn, tàbí kí wọ́n ti pọ́n ojú rẹ̀ tán kó kúrú bíi bàtà tó ti jẹ nígìgísẹ̀. Bí irin náà bá pé, ẹ ra èèkù tuntun tó gùn tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ fi sí i. Báyìí ni mo ṣe ń rí sẹ̀ǹtímítà 50 tí ọjà tuntun kò fún mi ní owó kékeré.

Ní ti pípọ́n, àáké olówó pọ́ọ́kú máa ń dé pẹ̀lú ojú tó nípọn tó sì kú. Ẹ fi vice tàbí ẹsẹ̀ yín dì í mú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ẹ fi máákà kun ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí ẹ lè máa rí ibi tí fáìlì ń kàn. Kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ha, ẹ̀yìn etí náà ló nípọn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Tí ojú náà bá ti wá sí nǹkan bíi dígírí 25 sí 30 lápapọ̀, ẹ bọ́ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, èyí tó le kí èyí tó kúnná tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì awọ àtijọ́ nù ún kẹ́yìn. Ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ ìlọrin tó ń yí kíákíá. Ó ń mú irin gbóná láìròtẹ́lẹ̀, bí àwọ̀ búlúù bá sì ti yọ létí irin, líle tí alágbẹ̀dẹ fi sí i ti lọ, kò sì sí òkúta tó lè dá a padà. Àáké tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, torí pé yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ lórí igi.

Èèkù tí wọ́n fi fáníìṣì kùn máa ń dá léèléè sí ọwọ́. Ẹ ha á kúrò, kí ẹ fi òróró linseed pa igi náà lára, kí ó gbẹ, kí ẹ tún pa á. Ẹ ṣọ́ra fún àkísà tí ẹ bá fi ṣe é o: bí wọ́n bá ká a jọ sí igun ilé, òróró yẹn lè mú kó gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Bí irin bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí èèkù, ẹ má rì í sómi gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe. Igi náà á wú lóòótọ́, á há mọ́ irin fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bó bá sì gbẹ tán, á súnkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi ìhá tuntun ló ń fẹ́.

Àkọ̀ tó bá àáké olówó pọ́ọ́kú wá kì í sábà dára. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́: àáké náà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì ti pọ́n ọn tán, ike fẹ́lẹ́ yẹn kò lè gbà á mọ́. Awọ bẹ́líìtì tó nípọn, tàbí rọ́bà páìpù omi tí ẹ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ fi bo ojú rẹ̀, tó títí ẹ ó fi rí èyí tó dára.

Ọ̀rọ̀ òfin kù, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní England àti Wales, kò bófin mu láti ta àáké fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì bófin mu láti mú un rìn ní ìgboro láìní ìdí tó yè kooro. Ìrìn àjò sí ibi tí ẹ fẹ́ pàgọ́ sí jẹ́ ìdí. Kó wà ní ìsàlẹ̀ àpò, nínú àkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àgọ́ àti ìkòkò tó ń jẹ́rìí sí i, kó má ṣe wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 gba èèyàn láyè láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n gígé igi kò sí nínú àyè náà. Bí ẹ bá sì ti padà délé, ẹ yọ àáké náà kúrò nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ìdí tó yè kooro ní ọjọ́ Saturday lè má yè kooro mọ́ ní ọjọ́ Tuesday, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin dúdú ni ọlọ́pàá dá dúró.